Ẹ̀fọ́ Tí Kò Ní Ihò Kan

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń bi mí bóyá kí ẹ fi ẹ̀fọ́ gbígbìn ṣe iṣẹ́ ayé yín, ẹ fìdí balẹ̀ kí ẹ gbọ́ tẹnu mi. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń gbin tẹ̀tẹ̀ sínú àpò ìrẹsì lẹ́yìnkùlé ilé tí wọ́n háyà ní Ẹ̀gbẹ́dá, wọ́n sì ń wo fídíò àwọn àgbẹ̀ lórí fóònù ṣáá. Ó ní, "Dádì, ẹ ṣáà sọ bí ẹ ṣe bẹ̀rẹ̀ àti ohun tí ẹ rí nídìí ẹ̀." Ohun tí mo rí nídìí rẹ̀ kò dùn-ún sọ. Obìnrin kan wà nínú ìtàn náà tí mo jẹ́ kó ru ẹ̀ṣẹ̀ mi fún ọdún mọ́kànlá. Bí mo bá fo ibẹ̀ kọjá, irọ́ ni gbogbo ìyókù.

Bàbá Ẹlẹ́fọ̀ọ́ ni wọ́n mọ̀ mí sí ní Igando. Bí mo ṣe dé ìdí iṣẹ́ náà kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Bàbá mi kú, owó ilé-ìwé tán, ìyá mi fà mí lọ́wọ́ lọ sọ́dọ̀ Màmá Délé, ó ní, "Màmá, ọmọ nìyí o. Ẹ bá mi fi ṣe èèyàn." Oúnjẹ àti ibi tí mo ń sùn ni owó oṣù mi fún ọdún mẹ́ta, kò sì sẹ́ni tó béèrè bóyá ó tẹ́ mi lọ́rùn.

Opó ni Màmá Délé, obìnrin pupa tẹ́ẹ́rẹ́ tí kì í pariwo. Ojú ló fi ń na èèyàn. Ilẹ̀ rẹ̀ wà ní àkùrọ̀ létí odò, nígbà tí Igando ṣì ní pápá, tí èèyàn ṣì lè dúró lẹ́bàá ọ̀nà kó máa gbọ́ ohùn ọ̀pọ̀lọ́. Ṣọkọ, tẹ̀tẹ̀, gbúre, ata àti tòmátì ló ń gbìn. Kí oòrùn tó yọ, a ti wà láàárín ebè, a ó tẹ̀ ba, a ó máa yí ewé wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó máa ń sọ pé iwájú ewé ni ti oníbàárà, ẹ̀yìn ewé ni ti àgbẹ̀. Ẹ̀yìn ewé ni kòkòrò ń yé ẹyin sí, funfun wẹ́wẹ́, àtàǹpàkò la fi ń tẹ̀ ẹ́ fọ́. Ẹ̀yìn mi a máa ro mí dé ọrùn. Bí mo bá fo ebè kan, á mọ̀. Mi ò tíì mọ bó ṣe ń mọ̀ títí dòní.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìyà kan tó fi jẹ mí, kí ẹ lè mọ irú ẹni tó jẹ́. Kì í jẹ́ kí ẹni tó ń fín aṣáà fọwọ́ kan tòmátì. Èmi rò pé àṣejù àgbà ni. Lọ́jọ́ kan tí kò sí nílé, àbúrò ọkọ rẹ̀ wá kí i, ó bá mi nídìí tòmátì tí mo ń so mọ́ igi, ó ní kí òun ràn mí lọ́wọ́. Aṣáà wà ní ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó ń rùn. Mo gbà fún un, nítorí iṣẹ́ náà pọ̀ àti nítorí pé ọ̀lẹ ni mí. Kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé, ewé àwọn tòmátì yẹn ti di alámì, ibì kan pupa rúsúrúsú, ibì kan dúdú, wọ́n ká kò, ìdàgbà wọn sì dúró. Màmá Délé wò wọ́n, ó wò mí. Ó ní, "Ta lo jẹ́ kó wọ ibí?" Mo sọ fún un. Ó ní àrùn tó wà nínú ewé tábà ló bá ọwọ́ aláṣáà wọ ara tòmátì. Ó fa gbogbo rẹ̀ tu, tòmátì tó ti ń tanná, ó ní kí n kó wọn lọ sun lódìkejì ọ̀nà, kí n má ṣe jẹ́ kí ewé kan já sílẹ̀. Kò nà mí. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni kò bá mi sọ̀rọ̀, oúnjẹ mi nìkan ló ń gbé sílẹ̀. Ó wù mí kó nà mí.

Èyí tó sàn jù nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀ nìyí. Eérú, omi ewé dóńgóyárò tí a gún tí a sì sẹ́, omi ọṣẹ díẹ̀ sí i, ohun tó fi ń lé kòkòrò nìyẹn. Ṣùgbọ́n kì í lé e tán. Nígbàkigbà tí oníbàárà bá kùn pé ẹ̀fọ́ lu, á fi òwe dá a lóhùn: "Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́ jàre ẹ̀fọ́, ìwọ̀n lewéko ń dára mọ." Kí a tó gé ebè kankan, á já ewé kan, á fún mi, á ní, "Jẹ ẹ́ níṣojú mi." Tútù bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú yẹ̀pẹ̀ lára. Òun náà á jẹ tirẹ̀. Ó ní ohun tí a ò bá lè fi eyín ara wa jẹ, a ò gbọdọ̀ tà á fún ọmọ ẹlòmíràn. Mo jẹ ewé lọ́dọ̀ obìnrin yẹn bí ewúrẹ́.

Ó kú kí n tó pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún. Àwọn ọmọ rẹ̀ ta ilẹ̀ náà, wọ́n kọ́ ilé oníyàrá méjìlá sórí ebè ṣọkọ. Mo rí ibi tí kò tóbi tó ti Màmá Délé gbìn lẹ́yìn ilé ẹnì kan, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti olùkọ́ tó háyà ilé ní Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìkọ̀tún tọ́jú ọgbà ẹ̀fọ́ wọn. Garawa tí a fi ìṣó lu nídìí ni mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í bomi rin ẹ̀fọ́. Lẹ́yìn náà, mo ra agolo ìbomirin tó ní imú gígùn. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ tí wọ́n ń gbé kọ́ ẹ̀yìn, tí wọ́n ń fi ọwọ́ fà, tó ń fọ́n omi dóńgóyárò bí ìrì. Odò di gọ́tà, a wá ń fi omi bọ̀hóòlù rin ẹ̀fọ́. Irinṣẹ́ ń sàn sí i, ilẹ̀ ń burú sí i, ohun tí mo lè sọ nípa ìtẹ̀síwájú nìyẹn.

Mo gbádùn àwọn ọdún wọ̀nyẹn ṣá, mi ò lè purọ́. Olùkọ́ kan wà ní Ìdímù tí tòmátì rẹ̀ máa ń rọ lọ́sàn-án, tí yóò jí lálẹ́, títí tó fi rọ tí kò jí mọ́. Ó ti gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta lé e lórí. Ó ní, "Bàbá, àwọn ará ilé mi ni. Wọn ò fẹ́ kí n jẹ èrè iṣẹ́ ọwọ́ mi." Mo fa ọ̀kan tu, mo gé igi rẹ̀, mo ní kó gbé ife omi wá. Mo ki ẹnu igi náà bọ omi. Láìpẹ́, ohun funfun kan ń ṣàn jáde lẹ́nu rẹ̀ bí okùn òwú. Mo ní, "Madam, ẹ wò ó. Àrùn inú ilẹ̀ nìyí. Ará ilé kankan ò mọ̀ sí i. Ẹ má gbin tòmátì tàbí ata síbí fún ọdún mẹ́ta, ẹ gbin àgbàdo." Ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. Mo ròyìn rẹ̀ káàkiri, mo fi ń ṣẹ̀fẹ̀. Mo rò pé èmi gbọ́n.

Ṣùgbọ́n oníbàárà ń yí padà. Ẹ̀fọ́ tó lu, wọn kì í fọwọ́ kàn án mọ́. Àwọn tó ń gbìn létí gọ́tà ń fọ́n oògùn kòkòrò sí i lónìí, wọ́n ń gé e lọ́túnla, ewé wọn ń dán bí bàtà tuntun. Tèmi á jókòó lórí àtẹ títí á fi rọ. Ìyàwó mi bi mí léèrè lọ́jọ́ kan pé, "Ṣé Màmá Délé tó ti kú ló máa bọ́ wa ni, àbí?" Síbẹ̀, mi ò fọ́n oògùn sí èyí tí mò ń tà. Fún gbogbo ọdún yẹn, mo ń jẹ ewé mi níṣojú ẹni tó bá fẹ́ rà á. Ọ̀nà ibòmíràn ni èṣù gbà wọlé sí mi lára, ọ̀nà ilé Ọlọ́run.

Ìjọ aláṣọ funfun ni mo ń lọ, nítòsí Ìkọ̀tún. Ní ọjọ́ ìkórè, oníkálukú á gbé èso iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wá síwájú pẹpẹ. Wòlíì á gbàdúrà sí i, á wọ́n omi mímọ́ sí i, àwọn ìyá á kó o lọ sẹ́yìn, wọ́n á sè é lọ́jọ́ náà gan-an fún gbogbo ìjọ. Èmi ni mo máa ń gbé ẹ̀fọ́ wá. Lọ́dún kan, ìyá tó ń gba ẹrù lẹ́nu ọ̀nà tú ìdì ṣọkọ mi, ó gbé ewé kan sókè síwájú ìmọ́lẹ̀. Ó lu. Ó ní, "Bàbá Ẹlẹ́fọ̀ọ́, ṣé èyí tí kòkòrò jẹ kù lẹ gbé wá fún Ọlọ́run? Ẹ jọ̀ọ́, ohun tí kò lábùkù ló ń gbà." Àwọn ọmọ akọrin rẹ́rìn-ín. Mo gbé ẹ̀fọ́ mi padà sílé. Ojú tì mí débi pé odindi ọdún ni ọ̀rọ̀ náà fi ń ró létí mi.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, mo gbin ebè mẹ́rin lọ́tọ̀ fún ìkórè. Ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú Sunday ìkórè, mo yí ewé wò, mo rí ihò tuntun. Mo wọ ọkọ̀ lọ sí ọjà Ìkọ̀tún, mo ra oògùn kòkòrò inú ìgò kékeré. Mo lè kàwé o. Wọ́n kọ ọ́ sára ìgò pé ọjọ́ mẹ́rìnlá ló gbọ́dọ̀ kọjá kí èèyàn tó gé e. Mo fọ́n ọn lọ́jọ́ náà. Nígbà tó di Friday, kòkòrò kan ṣì ń rìn, mo tún fọ́n ọn. Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ fún ara mi, èmi tí mo fi olùkọ́ Ìdímù ṣẹ̀fẹ̀: mo ní ohun tó bá ti dé iwájú pẹpẹ, tí omi mímọ́ ti kàn, májèlé kan ò lè kù nínú rẹ̀. Mo gbà á gbọ́. Bí mi ò bá gbà á gbọ́, mo fẹ́ láti gbà á gbọ́, ìyẹn sì tó fún mi lọ́jọ́ yẹn. Láàárọ̀ Sunday, nígbà tí mò ń gé e, mi ò já ewé kankan jẹ.

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ẹ̀fọ́ mi. Wòlíì gbé ìdì kan sókè, ó ní, "Ẹ wo ẹ̀fọ́! Ihò kan ò sí!" Ìyá tó dá mi padà lọ́dún tó kọjá kúnlẹ̀ kí mi.

Ìyá Àánú ni olórí àwọn tó ń se oúnjẹ. Obìnrin jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni, ọkọ rẹ̀ ti lọ, ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló bí, Àánúolúwa, ọmọ ọdún méje. Nígbà tí mo bá a lẹ́yìnkùlé ṣọ́ọ̀ṣì, ó ti fọ ẹ̀fọ́ náà lẹ́ẹ̀kan, ó fẹ́ bu omi iyọ̀ sí i kó tún un fọ̀. Mo ní, "Ìyá Àánú, fi sílẹ̀ jàre. Ẹ̀fọ́ mi mọ́. Èyí tí wọ́n ti gbàdúrà sí, o tún ń fọ àdúrà dànù?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀, Bàbá," ó sì dà á sínú ìkòkò.

A jẹun lẹ́yìn ìsìn. Mo sọ pé "a" jẹun, ṣùgbọ́n èmi ò jẹ. Ẹnì kan béèrè, "Bàbá, ẹ ò jẹun?" mo ní inú mi kún. Àánú jẹ abọ́ tirẹ̀ tán, ó lọ bá ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ tún bù fún un nínú èyí tó kù ní ìsàlẹ̀ ìkòkò, nítorí ọmọ alásè kì í febi sùn. Kò pẹ́ tí ẹnì kan fi sáré lọ bì. Lẹ́yìn náà, ẹni kejì. Nígbà tó yá, àwọn èèyàn ti ń làágùn, itọ́ ń dà lẹ́nu wọn, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n. Àánú ló burú jù. A sáré gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn, gbogbo wa nínú aṣọ funfun, láìwọ bàtà, nítorí a kì í wọ bàtà pẹ̀lú aṣọ yẹn. Èmi ni mo gbé Àánú.

Dókítà kan tó kéré lọ́jọ́ orí ṣí ojú ọmọ náà, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i, ojú òun fúnra rẹ̀ yí padà. Ó kọjú sí wa. Ó ní, "Kí lẹ jẹ? Ṣé ẹnikẹ́ni lo oògùn kòkòrò sí nǹkan tí ẹ jẹ? Oògùn oko, oògùn eku, ohunkóhun? Ẹ tètè sọ fún mi."

Ìyá Àánú di ọwọ́ mọ́rí. "Ẹja ni, dókítà. Ẹja yíyan ni mo fi sè é, ẹja ni."

Dókítà ní, "Ó dá yín lójú? Kò sí oògùn kankan?" Ó ń wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wo tèmi náà. Wòlíì wà lápá ọ̀tún mi, ìyá tó gba ẹ̀fọ́ lọ́wọ́ mi wà lápá òsì. Bàtà tí ọmọ náà bọ́ kó tó wọ aṣọ funfun wà lọ́wọ́ mi, ẹnì kan ló mú un tẹ̀ lé wa láti ṣọ́ọ̀ṣì. Mo la ẹnu. Mo pa á dé. Ojú ló ń tì mí, ẹ̀yin ọmọ. Kì í ṣe ẹ̀wọ̀n ni mo ń bẹ̀rù, kì í ṣe ọlọ́pàá. Ojú ń tì mí pé wọ́n máa mọ̀ pé oògùn ni mo fi mú ẹ̀fọ́ Ọlọ́run dára.

Àwọn yòókù yè. Kí ilẹ̀ tó ṣú, Àánú ti kú.

Wọ́n ní ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé. Ìka tí kò ṣẹ̀ ni wọ́n gé lọ́jọ́ yẹn. Ẹja Ìyá Àánú ni gbogbo ìjọ dá lẹ́bi, òun fúnra rẹ̀ ló sì kọ́kọ́ dá a lẹ́bi. Wọ́n ní ó ra ẹja tó ti bàjẹ́ kó lè ṣẹ́ owó kù. Àwọn kan tilẹ̀ ní ó fi ọmọ rẹ̀ ṣe nǹkan. Mo jókòó síbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́. Kí oṣù náà tó parí, ó kó ẹrù rẹ̀, ó kúrò ní àdúgbò wa, a ò mọ ibi tó gbà lọ.

Mo tún gbin ẹ̀fọ́ fún bí ọdún méjì sí i, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò sí nídìí ẹ̀ mọ́. Nọ́ọ̀sì kan ní Ẹ̀gbẹ́dá, tí mò ń bá tọ́jú ata rẹ̀, ló sọ èyí tó pa mí pátápátá, láìmọ̀. A ń sọ̀rọ̀ nípa oògùn kòkòrò, ó ní, "Bàbá, ọmọ kan mu ún ní àdúgbò wa lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ìyá ẹ̀ gbọ́n, ó mú ìgò náà dání wá. Abẹ́rẹ́ tiẹ̀ wà, bí dókítà bá tètè mọ̀. Ọmọ náà ti ń ṣeré báyìí." Mo fi ọkọ́ sílẹ̀ nínú ọgbà rẹ̀, mo lọ sílé. Mi ò padà lọ mú un. Bí iṣẹ́ ayé mi ṣe parí nìyẹn, láìsí ìdágbére, láìsí ayẹyẹ.

Ṣé kí ẹ wá fi ẹ̀fọ́ ṣe iṣẹ́? Ẹ má bi mí. Mo mọ bí a ṣe ń lé iná ewé, kòkòrò tíntín yẹn, kúrò lára ilá, mo mọ ìdí tí irúgbìn fi ń ṣubú láti ọrùn bí omi bá pọ̀ jù. Ohun tí mo mọ̀ pọ̀, kò sì gba ọmọ kan là. Bí ẹ bá ti rí i pé ohun tó ń wù yín jù ni kí ewé yín máa dán lójú èèyàn, ẹ tètè wá iṣẹ́ mìíràn lọ.

Nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní kí n kọ ìtàn yìí, mo bẹ̀rẹ̀, mo kọ ti Màmá Délé, mo kọ ti aṣáà. Nígbà tí mo dé ibi ìkórè, ọwọ́ mi dúró. Mo rí i pé mi ò lè sọ ọ́ fún yín kí n tó sọ ọ́ fún ẹni tó ni ín. Mo ṣèwádìí, wọ́n ní ó wà ní Abúlé Ẹ̀gbá. Mo lọ lóṣù tó kọjá.

Yàrá kan ló ń gbé, ó ń ta omi inú ọ̀rá, bisikíìtì àti ọṣẹ lẹ́nu ọ̀nà. Kò sí ohun kan tí wọ́n ń sè níbẹ̀. Ó dá mi mọ̀ kíá. "Háà, Bàbá Ẹlẹ́fọ̀ọ́! Ẹ káàbọ̀ sà. Ta ló júwe ibí fún yín?" Ó gbé àga fún mi, ó fún mi lómi. Irun rẹ̀ ti funfun ju tèmi lọ, bẹ́ẹ̀ mo fi ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jù ú lọ.

Mo ní, "Ìyá Àánú, kì í ṣe ẹja rẹ ló pa ọmọ náà. Ẹ̀fọ́ mi ni." Mo sọ ti ìgò, mo sọ ti Ọjọ́bọ̀ àti Friday, mo sọ ti ọjọ́ mẹ́rìnlá, mo sọ bí mi ò ṣe jẹ́ kó fi omi iyọ̀ fọ̀ ọ́. Mo dìde láti dọ̀bálẹ̀ fún un.

Ó kígbe, ó di apá mi mú. "Ẹ má dọ̀bálẹ̀ fún mi o, Bàbá! Ẹ̀yin tí ẹ tó bí mi! Ṣé ẹ fẹ́ kí tèmi tún burú ju báyìí lọ ni? Ẹ jókòó, ẹ jọ̀ọ́." Ó tì mí jókòó. Ó ń tẹ́ aṣọ ìró rẹ̀ lórí orúnkún. Mò ń retí kó gbá mi létí. Ó wù mí kó gbá mi.

Ó ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá. Ṣé ìjọ ló rán yín wá?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi. Òótọ́ ni mò ń sọ."

"Ẹja yẹn rùn, Bàbá." Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. "Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Mo gbé e sí imú láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó ti ń yí padà. Mo fi iyọ̀ sí i, mo fi ata bò ó. Owó ìjọ ni mo fi rà á, mi ò fẹ́ kí wọ́n ní mo fi ṣòfò. Èmi ni mo mọ ohun tí mo ṣe."

"Ìyá Àánú, ẹja tó rùn díẹ̀ kì í ṣe èèyàn báyẹn. Ẹ̀fọ́ ni."

"Ẹ̀fọ́ yín dáa. Gbogbo wa la rí i." Ó rẹ́rìn-ín sí mi bí èèyàn ṣe ń rẹ́rìn-ín sí ọmọdé tó ń gbìyànjú. "Ẹ gbọ́ pé mo ń jìyà, ẹ ní kí ẹ wá bá mi gbé díẹ̀ níbẹ̀. Ọlọ́run rí ọkàn yín. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ẹnì kan nínú ìjọ yẹn tó wá mi wá, àfi ẹ̀yin."

Wọ́n ní bí irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Òtítọ́ bá tèmi, ó kàn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni. Mo ṣì ní ohun kan tó lè mú kó gbà mí gbọ́. Òun náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ó gbọ́ ọ pẹ̀lú etí ara rẹ̀ nígbà tí dókítà béèrè bóyá ẹnikẹ́ni lo oògùn. Bí mo bá sọ pé, "Ìdí tó fi béèrè nìyẹn, mo sì dúró síbẹ̀," á mọ̀ pé mi ò purọ́. Á sì mọ̀ pé abẹ́rẹ́ tó lè gba Àánú là wà. Mo la ẹnu láti sọ ọ́.

Ó ti kúnlẹ̀, ó ti ń gbàdúrà fún mi. Ó ní Ọlọ́run á dá ẹ̀mí mi sí, ó ní mi ò ní í rí ikú ọmọ. Mo ní, "Àmín."

Ó sìn mí jáde dé ìdí kẹ̀kẹ́. Ó ní àgbàlagbà bíi tèmi ò gbọdọ̀ ná owó nítorí òun. Ó tú etí ìró rẹ̀, ó san owó ọkọ̀ mi fún awakọ̀. Mo jẹ́ kó san án.